Ìkéde Kì í Ṣe Ìpolówó: Iṣẹ́ Alukoro Ilé-iṣẹ́ Abániwáṣẹ́ lórí Ìkànnì Ayélujára



Inú gbọ̀ngàn yunifásítì ni a sábà máa ń ka irú ìwé báyìí, níbi tí ó jẹ́ pé àwa tí a ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni a ń sọ ọ́ fún ara wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀ka wa tí ó gbà pé kí a gbé èyí wá sí ọ̀dọ̀ yín, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan irú ìlú yìí ju bí ó ti kan yunifásítì lọ. Ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti jáde ilé-ìwé gíga, tí Èkó kò jìnnà sí, tí ojú àwọn ọmọ náà sì ń wà lára fóònù láti òwúrọ̀ di alẹ́ pé bóyá iṣẹ́ kan yóò yọ, irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àwọn abániwáṣẹ́ ń kọjú ọ̀rọ̀ wọn sí.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ni? Ìdáhùn mi ni pé kí ẹni tí ń wá iṣẹ́ tó rí ọ́fíìsì, kí ó tó rí ọ̀gá, kí ó tó fi ojú kan owó oṣù, ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Ọ̀rọ̀ náà ni yóò mú un yá owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni yóò mú bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn kò gbọdọ̀ sọ pé kò kan òun.

Ẹ jẹ́ kí n tún orúkọ tò kí a lè jọ máa lọ. Ilé-iṣẹ́ abániwáṣẹ́ ni mo ń pe àwọn tí wọ́n dúró láàárín agbanisíṣẹ́ àti ẹni tí ń wá iṣẹ́. Ajẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè wọ́n ní ìgboro. Alukoro ni ẹni tí ilé-iṣẹ́ yàn láti máa bá ará ìlú sọ̀rọ̀, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lè dára létí wọn. Iṣẹ́ alukoro kì í ṣe iṣẹ́ àná lọ́dọ̀ wa. UAC dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1949. Ní 1963 àwọn oníṣẹ́ náà kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ sì fi ìdí ẹgbẹ́ náà múlẹ̀ ní 1990 gẹ́gẹ́ bí Nigerian Institute of Public Relations. Ní ti ìkànnì ayélujára, Facebook, WhatsApp, Instagram, LinkedIn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni mo ní lọ́kàn.

Nínú èdè wa, iṣẹ́ tí à ń ṣe gba owó àti iṣẹ́ tí a rán ni láti jẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn wọn kò sì yàtọ̀. Bí a bá sọ ohùn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó di ìṣẹ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í tọrọ. Abániwáṣẹ́ ń ru iṣẹ́ méjèèjì: ó ń jẹ́ iṣẹ́ kí ẹlòmíràn lè ṣe iṣẹ́. Bí kò bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ bí ó ti yẹ, ìṣẹ́ ni ẹni tí ó gbà á gbọ́ yóò bá pàdé.

AKÉDE ÀTI AGOGO RẸ̀

Àwọn àgbà tí ó jókòó níbí mọ akéde ju èmi lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti oko dé, akéde a mú agogo, a máa lọ láti àdúgbò dé àdúgbò. A lu agogo kí etí lè ṣí. Lẹ́yìn náà, kí ó tó sọ ohunkóhun, a dárúkọ ẹni tí ó rán an: ọba ni, tàbí Òṣùgbó, tàbí àwọn pàràkòyí bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó jẹ́ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn, kò sì ní àpọ́nlé nínú. Bí ó bá ní ọjọ́ báyìí ni a ó lọ tún ọ̀nà odò ṣe, kò ní fi kún un pé ọ̀nà odò náà dùn ún rìn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe àkíyèsí ni pé ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì mọ ilé tí yóò lọ. Yóò kọjá sí ààfin, yóò béèrè pé, ‘Ṣé ẹ̀yin ni ẹ rán ọkùnrin yìí?’ Bí ó bá sì jẹ́ pé irọ́ ni akéde pa, ìlú mọ ilé akéde pẹ̀lú. Gbogbo iyì ìkéde wà nínú èyí. Kì í ṣe dídùn ohùn ni a fi ń gba akéde gbọ́, bí kò ṣe pé ọ̀nà wà tí a lè gbà padà lọ sí orísun ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ìwé títẹ̀ dé, a mú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú rẹ̀. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ní orúkọ tí kò fi nǹkan pamọ́. Ìròyìn ni ó pe ara rẹ̀. Nígbà tí Isaac Babalọlá Thomas sì dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1928, Akéde Èkó ni ó pè é. Ẹni tí ó sọ ìwé rẹ̀ ní akéde ti sọ fún òǹkàwé pé ọ̀rọ̀ òun ní ẹni tí ó ni ín. N ó padà sí ọ̀rọ̀ Thomas láìpẹ́, nítorí pé òun náà mọ bí a ṣe ń fi ìwé tan ènìyàn, tí ó sì fi ṣe lítíréṣọ̀.

ÌPOLÓWÓ, TÀBÍ OHUN TÍ A LÈ TỌ́ WÒ

Ọ̀tọ̀ ni ìpolówó. Àsọdùn ni ẹwà rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́kọ lè sọ pé ẹ̀kọ òun ń dán bí dígí. Olóyin lè búra pé oyin òun yóò mú arúgbó jó. Ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n ní òpùrọ́, ọmọdé pàápàá ń gbádùn rẹ̀. Kí ni ó fà á tí a fi ń gbà fún wọn? Igbá wà lórí wọn ni. Ọjà wà nítòsí.

Ẹ wo gàrí Ìjẹ̀bú tí òkìkí rẹ̀ ti kan gbogbo Nàìjíríà. Kò sí ohun tí ẹni tí ń tà á kò lè wí nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó fẹ́ rà á yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò jù ú sẹ́nu, yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ó bá kan dáadáa, bí ó bá gbẹ, tàbí bí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀. Ahọ́n oníbàárà ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọlọ́jà. Níbi tí ahọ́n bá ti lè dé, àsọdùn di eré, ó di orin, ó di ohun tí àwa olùkọ́ ń gbà sílẹ̀ sínú téèpù tí a sì ń kọ ìwé lé lórí.

Iṣẹ́ kò ṣeé tọ́ wò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń polówó fún ọmọ Ìmùṣin lórí fóònù wà ní Lẹ́kì, tàbí ní Manchester, tàbí ní ìlú kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá tí kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Yóò ti san owó, yóò ti kó ẹrù, yóò ti dágbére fún ìyá rẹ̀, kí ó tó fi ahọ́n kan án. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ abániwáṣẹ́ tí wọ́n gbé ohùn olùpolówó wọ̀ ti gbé ẹ̀wù tí kò tọ́ sí wọn wọ̀. Ohùn akéde ni ó yẹ iṣẹ́ wọn.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ ara mi to àpẹẹrẹ kan, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń bá òun wí. Ẹ̀yin tí ẹ ní fóònù yóò mọ àwọn ìbátan rẹ̀: ‘Iṣẹ́ ti dé! Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ayé yín yí padà, àyè ogún péré ni ó kù. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní òkè òkun ń wá òṣìṣẹ́. Owó oṣù jọjú, ilé ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìdánwò. Ẹ tètè kàn sí wa lórí WhatsApp.’

Ẹ jẹ́ kí a kà á bí a ṣe ń ka ewì. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀? ‘Wa’ ni, a kò sì mọ ẹni tí ‘wa’ í ṣe. Owó oṣù ‘jọjú’, ṣùgbọ́n ojú ta ni ó jọ? Wọ́n ka àyè, wọn kò ka owó. ‘Péré’ àti ‘tètè’ ń ti òǹkàwé lẹ́yìn kí ó má baà rí àyè dúró ronú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni ‘kan’: ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Ẹ̀yin tí wọ́n pa àlọ́ fún ní kékeré mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà kan, ọba kan wà ní ìlú kan. ‘Kan’ ni a fi ń ṣí ìlẹ̀kùn àlọ́, òun ni ó ń sọ fún ọmọdé pé kí ó má béèrè orúkọ ọba náà, kí ó má béèrè ọ̀nà ìlú náà. Ó dára bẹ́ẹ̀ nínú àlọ́. Nínú ìwé tí a fi ń pe ènìyàn sí iṣẹ́, ẹni tí ó bá kọ ‘kan’ ti gba ìbéèrè lẹ́nu òǹkàwé kí ó tó la ẹnu.

Mo mọ̀ pé àwọn abániwáṣẹ́ olóòótọ́ ní àwíjàre níhìn-ín, mo sì gbà á lọ́wọ́ wọn dé ìwọ̀n kan. Bí wọ́n bá dárúkọ agbanisíṣẹ́, abániwáṣẹ́ mìíràn lè sáré lọ gba iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, tàbí kí ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ dí ẹnu ọ̀nà onílé. Ẹ fi orúkọ náà pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì bí ó bá di dandan. Ṣùgbọ́n kí ni ó dé tí ẹ fi pa ìlú tí iṣẹ́ náà wà mọ́? Kí ni ó dé tí ẹ kò lè kọ iye owó? Kí ni ó dé tí orúkọ tiyín gan-an, àdírẹ́sì yín, àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ yín kò sí níbẹ̀?

ÀWỌN LẸ́TÀ SẸ̀GILỌLÁ

Mo ṣèlérí pé n ó padà sí Thomas. Láti 1929 wọ 1930, òǹkàwé Akéde Èkó ń rí lẹ́tà láti ọwọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá, tí ó ti fi ẹwà jẹ ayé, tí àìsàn sì ti wá dè é mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ ogbó, tí ó ń jẹ́wọ́ gbogbo ohun tí ó ṣe. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé tí wọ́n gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni kò kéré, wọ́n ń kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ka ìwé yìí sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Báwo ni ó ṣe mú wọn gbà á gbọ́? Ó lo ‘èmi’. Ó dárúkọ àwọn ibi tí ará Èkó mọ̀. Ó jẹ́ kí obìnrin náà sunkún, kí ó rántí orin, kí ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jókòó tì ọ́. Ọgbọ́n kan náà gẹ́lẹ́ ni ó wà nínú àwọn ẹ̀rí tí a ń rí lórí Facebook àti Instagram lónìí: ‘Èmi lágbájá, ó pé oṣù mẹ́ta tí mo ti dé Kánádà, ẹ wo ilé mi, ẹ wo yìnyín, ilé-iṣẹ́ báyìí ni ó ṣe é fún mi.’ Àwa tí a ń kọ́ lítíréṣọ̀ a máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní pé ‘èmi’ inú ìwé kì í ṣe ẹni tí ó kọ ìwé. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń wá sí kíláàsì wa. Ẹ̀kọ́ yìí ti di ohun tí ó yẹ kí ìyá aláṣọ àti ọmọ kọ́ṣẹ́ mekáníìkì mọ̀, nítorí pé òǹkàwé Sẹ̀gilọlá fi omijé san owó tirẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkàwé ti òde òní lè fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ san án.

Kò túmọ̀ sí pé kí ilé-iṣẹ́ má gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tí ó bá wáṣẹ́. Bí ẹni náà bá gbà pé kí a dárúkọ òun, kí a sọ iṣẹ́ tí ó gbà àti ọdún tí ó gbà á, kí a sì jẹ́ kí ó sọ èyí tí kò dùn mọ́ ọn pẹ̀lú, ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún àwòrán lọ. N kò tí ì rí alukoro púpọ̀ tí ó ní ìgboyà láti tẹ èyí tí kò dùn.

OHUN TÍ OJÚ TI RÍ

Iṣẹ́ abániwáṣẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Kí ó tó di 1942, àwọn kan ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ènìyàn ní bòókẹ́lẹ́ láti ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà lọ sí oko kòkó ní erékùṣù Fernando Po, èyí tí ń jẹ́ Bioko lónìí, lábẹ́ Sípéènì. Ní 1942 ìjọba Nàìjíríà àti ti Sípéènì ṣe àdéhùn, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Anglo-Spanish Employment Agency sì di ọ̀nà tí òfin mọ̀. Orúkọ wà, ọ́fíìsì wà, ìwé àdéhùn wà. Síbẹ̀, ẹkún àwọn òṣìṣẹ́ náà kò tán, títí tí ìjọba Nàìjíríà fi ní láti kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà wálé ní 1975 sí 1976, lẹ́yìn tí erékùṣù náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Equatorial Guinea. Mo mẹ́nu bà á kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń sọ pé bí orúkọ bá ti wà lójú ìwé, ó parí. Orúkọ ni ó ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí a ó pè lẹ́jọ́. Kì í dá ẹjọ́ náà.

Ayélujára sì ti ṣe rere. Ní 2009, nígbà tí àwa olùkọ́ yunifásítì ń yan iṣẹ́ lódì, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí, Ọlálékan Olúdé àti Ọ̀pẹ́yẹmí Awóyẹmí, dá Jobberman sílẹ̀, èyí tí ó di ọ̀kan nínú àwọn ìkànnì ìwáṣẹ́ tí ó tóbi jù ní Nàìjíríà. A rò pé ìjọba ni a ń fi ìyanṣẹ́lódì náà jẹ níyà; àwọn ọmọ wọ̀nyí lo àkókò wọn ju bí àwa ti lò ó lọ. Ṣáájú wọn, ẹni tí kò bá ní ẹ̀gbọ́n ní ilé-iṣẹ́ kì í gbọ́ pé àyè ṣí níbẹ̀. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, 2014. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìwọléwọ̀de ní ẹnubodè, tí a mọ̀ sí Imigiréṣọ̀n, kéde iṣẹ́ lórí ayélujára. Àyè tí ó wà kò pé 5,000. Àwọn tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ju 500,000 lọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san 1,000 náírà. Wọ́n kó wọn jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè fún ìdánwò lọ́jọ́ kan náà. Ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, àwọn ènìyàn tẹ ara wọn pa ní ẹnu ọ̀nà. Ó kéré tán, ènìyàn 15 ni ó kú. Àwọn aláboyún wà nínú wọn.

Kò sí irọ́ nínú ìkéde náà pé iṣẹ́ wà. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé wọ́n fi òṣùwọ̀n olùpolówó wọn ìkéde. Bí ẹlẹ́kọ bá polówó tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì sáré jáde, ó ti rí ṣe, nítorí pé ẹ̀kọ rẹ̀ yóò tán. Bí abániwáṣẹ́ bá polówó àyè mẹ́rin tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì sáré wá, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni ó ti já kulẹ̀. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n tí alukoro ń gbé lọ fún ọ̀gá rẹ̀ lóṣooṣù ni iye ènìyàn tí ó wo ìwé, iye tí ó fẹ́ràn rẹ̀, iye tí ó pín in kiri. Nínú iṣẹ́ mìíràn, ariwo lè jẹ́ èrè. Nínú iṣẹ́ yìí, ìkéde tí ó dára jù ni èyí tí ẹni tí kò kàn kà tán tí ó sì mọ̀ pé kò kan òun, tí kò fi ná owó ọkọ̀.

Ní oṣù kẹrin, 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé ìpolówó kan sí ojú ewé Facebook tí wọ́n ti ń ra nǹkan tí wọ́n sì ń tà. Ohun tí ó ń tà ni ọmọbìnrin Nàìjíríà kan tí ń ṣe iṣẹ́ ilé. Ó gbé àwòrán ìwé ìrìnnà rẹ̀ síbẹ̀, ó sì kọ iye rẹ̀: 1,000 dọ́là. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ mú ọkùnrin náà lẹ́yìn tí ariwo ti ta. Mo ti ka ìpolówó púpọ̀ ní ọjọ́ ayé mi, n kò tí ì ka èyí tí ó sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ tó báyìí. Iṣẹ́ ni wọ́n pe ọmọbìnrin irú èyí sí láti ilé. Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀hún ni ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ pé àwọn ni ó wà nínú igbá.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó wọ ilé wa jù. Ní 2022 ìjọba ibẹ̀ ṣí ọ̀nà físà fún iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera. Ní oṣù kẹta 2024 wọ́n ní ẹni tí ó bá tuntun wá kò lè mú aya, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn náà fún àwọn tí wọ́n ń gbà láti òkè òkun. Láàárín ọdún mẹ́ta yìí, owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa kí ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé fún wọn pọ̀, àwọn kan sì dé ọ̀hún kí wọ́n tó rí i pé kò sí arúgbó kankan tí ń dúró dè wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti 1973 pé abániwáṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bá wáṣẹ́. Àdéhùn Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti 1997 sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Òfin Iṣẹ́ tiwa, ti 1974, ní ẹni tí yóò bá kó òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Òfin wà, ìkéde tí ń sọ òfin náà fún ará ìlú ní èdè tí wọ́n gbọ́ ni kò tó.

OHUN TÍ ALUKORO LÈ ṢE

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ayélujára ti ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kọjá àtúnṣe. N kò gbà. Ohun èlò tí akéde kò ní rí ni ó wà lọ́wọ́ alukoro òde òní. Akéde kò lè mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kúrò ní etí àwọn tí ó ti gbọ́ ọ. Alukoro lè kọ ọjọ́ tí àyè yóò tì sí orí ìwé rẹ̀, kí ó sì fi pupa kọ ‘Ó ti kún’ lé e nígbà tí ó bá kún. Àwọn ìwé tí ń káàkiri orí WhatsApp lónìí pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó ti tán láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àìkọ ọjọ́ sí wọn ni ó ń jẹ́ kí wọ́n máa rìn bí òkú tí a kò sin. Àwọn oníjìbìtì sì ń jí àmì ilé-iṣẹ́ olóòótọ́ lò. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ti sọ léraléra pé, ‘Ìkànnì méjì yìí nìkan ni tiwa, a kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni,’ ti dín agbára wọn kù.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ro ti ìwé tí àwọn ọmọ yìí ń fi ránṣẹ́. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀, nígbà mìíràn nọ́ńbà báǹkì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó fún ẹni tí wọn kò rí rí. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 lórí ààbò irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ẹni tí ó bá béèrè nọ́ńbà báǹkì kí ó tó béèrè ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ wo ó dáadáa.

Ṣùgbọ́n ibi tí ó dùn mí jù ni ti ìdáhùn. Akéde kì í kéde kí ó sì sá; ó ń padà sí ààfin pẹ̀lú ohun tí ìlú sọ. Ọmọ tí ó kọ̀wé sí ogójì ilé-iṣẹ́ láti inú yàrá kan ní Ìmùṣin, tí kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, tí kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni a fẹ́ kí ó rò nípa ara rẹ̀? Àwọn ẹ̀rọ tí ó lè fi ìlà méjì ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ìṣẹ́jú kan wà lọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí. Òun ni wọ́n fi pè wọ́n wá. ‘A ka ìwé yín. Ẹlòmíràn ni a mú. Èyí ni ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó.’ Ẹni tí ó bá gba irú lẹ́tà yìí yóò sọ nípa ilé-iṣẹ́ náà fún ogún ènìyàn, àti ní rere, bí kò tilẹ̀ rí iṣẹ́. Kò sí owó ìpolówó tí ó lè ra ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀. Dípò èyí, mo ń rí àwọn alukoro tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa pa ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń ráhùn rẹ́ kúrò lábẹ́ ìwé wọn, kí ojú ewé lè mọ́. Ojú ewé tí kò sí ẹnì kan tí ó ráhùn lórí rẹ̀ rí, ẹ̀rù rẹ̀ ni ó yẹ kí ó bà yín.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní sí ìlú yìí kò tóbi. Ẹgbẹ́ ìlú wà, mọ́sáláṣí wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà, gbogbo wọn ni ó sì ti ní agbo WhatsApp tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń pín ìwé iṣẹ́ láìwo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí agbo kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tí ó wà lórí rẹ̀, kí ó béèrè orúkọ ẹni tí ó gbé e, ìlú tí iṣẹ́ wà àti iye owó oṣù, kí ó sì kọ ìdáhùn tí ó gbà sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó òṣìṣẹ́ láti ìhín, Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà, ọ̀nà Èkó sì wà. Kí wọ́n rán ẹnì kan wá, kí ó dúró níwájú àwọn òbí lọ́jọ́ ọjà, kí ó dáhùn ìbéèrè fún wákàtí kan. Akéde ṣì wà tí yóò lu agogo fún un, bí ó bá ti lè sọ ẹni tí ó rán an.

Mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kan lẹ́yìn ti gbé fóònù sókè. Ẹ mú àwọn ìwé iṣẹ́ náà wá síwájú, kí a jọ kà wọ́n.